ÌTỌPASẸ̀ ÌBÉÈRÈ TÍ Ó ṢẸ̀DÁ FÁÌLÌ: Ẹ̀KỌ́ KAN NÍNÚ ÈDÈ Ẹ̀RÍ

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè gbàgbé orísun rẹ̀ pátápátá kí ó má sì gbẹ. Kí àwọn ènìyàn máa fi sanwó, kí wọ́n máa fi yan orúkọ, kí wọ́n sì máa fi dá ara wọn lẹ́bi. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá ń lo fáìlì lè dáhùn ìbéèrè kan: níbo ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti wá?

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń tọpa ìbéèrè àfipamọ́ tí ó ṣẹ̀dá fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà alábọ́dé ti IBM, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AS/400. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun méjì ni. Èkíní, nígbà tí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ alálàyé, orí bí a ṣe ń ro ẹ̀kọ àti bí a ṣe ń ṣe ìgbéyàwó ni a sábà máa ń dúró sí, bí ẹni pé èdè wa kò lè wọ inú ọ́fíìsì. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ kù láti ṣe lórí ẹ̀ka ìmọ̀ yòókù. Èkejì ni pé ìtọpasẹ̀ fáìlì jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí kò bá lè fi èdè ya ohun tí ó mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó rò, yóò ṣi ènìyàn dá lẹ́bi. Èmi fúnra mi wà níbẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

2. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó bí ẹ̀kọ́ yìí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí àwọn olùkọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní AS/400 ni ó ń bá wa ṣe ìṣirò. Nígbà tí ó tó àkókò láti san owó fún àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, a tẹ orúkọ jáde láti inú fáìlì kan tí ó ń jẹ́ OWOFEYINTI. Ní ọjọ́ ìsanwó, màmá àgbàlagbà kan tí ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Yorùbá wá bá mi. Ó kí mi tán, ó ní, “Ọmọ mi, mo ti wo ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò rí orúkọ mi.” Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ kí a tún un wò.” A tún un wò, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, a rí i pé kì í ṣe òun nìkan.

Wọ́n yẹ fáìlì náà wò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ti ní, “Òun ni ó yọ orúkọ wọn kúrò.” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ ju pé, “Ẹ̀yin bàbá, mo kàn ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò tako ara wọn rárá, bí a ó ṣe rí i, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀.

3. Ẹ̀rọ náà àti ìbéèrè àfipamọ́

Ìlú Rochester ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni IBM ti ṣe ẹ̀rọ yìí. System/38, tí wọ́n kéde ní ọdún 1978, ni ó ṣáájú rẹ̀; wọ́n kéde AS/400 fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1988. Orúkọ rẹ̀ yí padà sí iSeries ní ọdún 2000, ó di System i ní ọdún 2006, láti ọdún 2008 sì ni ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ́ IBM i. A pè é ní alábọ́dé nítorí pé ó tóbi ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, kò sì tó àwọn ẹ̀rọ ràgàjì tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé àká ìwífún wà nínú ètò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ gan-an. A kì í rà á lọ́tọ̀ kí a tó gbé e lé e lórí. Gbogbo ohun tí a bá sì tọ́jú sínú ẹ̀rọ náà ni ó ní irú tirẹ̀: fáìlì ní àmì *FILE, ètò ní *PGM, ìbéèrè àfipamọ́ sì ní *QRYDFN.

Ìbéèrè àfipamọ́ yàtọ̀ sí ìbéèrè tí ènìyàn fi ẹnu bi ẹnìkejì rẹ̀. Ìtọ́ni ni, tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń lò lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé: lọ sínú fáìlì báyìí, mú òpó báyìí àti báyìí, ṣa àwọn ìlà tí ó bá bá àdéhùn yìí mu, tò wọ́n báyìí, kí o sì gbé èsì jáde síbi báyìí. Query/400 ni orúkọ ètò tí a fi ń kọ ọ́. Àṣẹ WRKQRY ni a fi ń ṣí i, RUNQRY ni a sì fi ń mú un ṣiṣẹ́. Ibi mẹ́ta ni èsì lè gbà jáde: ojú ẹ̀rọ, ìwé títẹ̀, tàbí fáìlì inú àká. Ẹ̀kẹta yìí ni ó kàn wá.

Bí olùkọ ìbéèrè bá yan fáìlì, ẹ̀rọ yóò bi í bí ó ṣe fẹ́ kí èsì wọ inú rẹ̀. Ìdáhùn márùn-ún ni ó wà: ṣe fáìlì tuntun, fi fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́, fi mẹ́ńbà tuntun kún fáìlì, rọ́pò ohun tí ó wà nínú mẹ́ńbà, tàbí fi kún ohun tí ó wà nínú mẹ́ńbà. Ohun tí a ń pè ní mẹ́ńbà níhìn-ín ni apá fáìlì tí àwọn ìlà ìwífún wà nínú rẹ̀ gan-an. A lè fi fáìlì wé ìgbá, kí a sì fi ìwífún wé ohun tí a bù sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ra ìgbá lè má jẹ́ ẹni tí ó bu gàrí tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí a fi àfiwé yìí sọ́kàn.

4. Ìdí tí fáìlì kò fi mọ ìbéèrè tí ó bí i

Ìbéèrè àfipamọ́ lè dárúkọ fáìlì tí yóò bí. Fáìlì kì í dárúkọ ìbéèrè tí ó bí i. Bí a bá lo àṣẹ DSPOBJD láti wo àpèjúwe fáìlì, a ó rí ọjọ́ àti wákàtí tí a ṣẹ̀dá rẹ̀, a ó rí orúkọ òǹlò tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, a ó sì rí orúkọ ẹ̀rọ tí a ti ṣe é. A kò ní rí ibì kankan tí a ti kọ pé ìbéèrè báyìí ni a lò.

Gírámà Yorùbá ṣàlàyé àléébù yìí dáadáa. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

(1) Akọ̀wé fi ìbéèrè OWO2 ṣẹ̀dá fáìlì.

Nínú gbólóhùn (1), akọ̀wé ni olùṣe, ìbéèrè OWO2 ni ohun-èlò, *fi* ni ó sì gbé ohun-èlò náà wọlé. Ẹ̀rọ tọ́jú olùṣe, ó tọ́jú àbọ̀, ó tọ́jú àkókò. *Fi* àti ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó sọnù. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún wa ni:

(2) Akọ̀wé ṣẹ̀dá fáìlì.

Gbólóhùn (2) kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọgbọ́n inú akọ̀wé ni ó pinnu orúkọ tí yóò wọlé àti èyí tí kò ní wọlé. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè náà ni ó pinnu, ẹlòmíràn sì lè ti kọ ọ́ kí akọ̀wé náà tó gba iṣẹ́. Àṣìgbọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ wa nìyẹn. Ìtọpasẹ̀ fáìlì, ní kúkúrú, ni ìwádìí *fi* tí ó sọnù.

5. Àwọn ìgbésẹ̀ ìtọpasẹ̀

Ìgbésẹ̀ kìíní ni láti kọ ohun tí fáìlì sọ nípa ara rẹ̀ sílẹ̀. DSPOBJD fún wa ní ọjọ́ ìṣẹ̀dá, orúkọ òǹlò, àti ọjọ́ tí a yí fáìlì padà gbẹ̀yìn. DSPFFD fi àwọn òpó hàn. Bí a bá rí òpó tí ó ń jẹ́ BREAKLVL àti OVERFLOW, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìbéèrè tí ó ń ṣe àròpọ̀ ni ó bí fáìlì náà, nítorí pé Query/400 ni ó máa ń fi àwọn òpó wọ̀nyí kún irú èsì bẹ́ẹ̀. Ní ti OWOFEYINTI, a kò rí wọn. Ohun tí a rí ni pé a ṣẹ̀dá fáìlì ní oṣù kìíní, a sì yí i padà gbẹ̀yìn ní oṣù kẹta. Ẹ má gbàgbé oṣù méjèèjì yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti kó àwọn ìbéèrè tí a fura sí jọ. Àṣẹ DSPPGMREF, bí a bá ní kí ó wo irú *QRYDFN, yóò to àwọn fáìlì tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń kà. Ìbéèrè tí kò bá ka fáìlì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò lè mú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ jáde. A lè fi í sílẹ̀. Mẹ́ta ni ó ṣẹ́kù fún wa: OWO, OWO2 àti ORUKO.

Níhìn-ín ni àìsí àmì ohùn ti fi àkókò wa ṣòfò. Orúkọ ohunkóhun lórí ẹ̀rọ yìí kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 10 lọ, a kì í sì í fi àmì ohùn tàbí ẹ̀là ìsàlẹ̀ sí i. Lẹ́tà 10 géérégé ni OWOFEYINTI, owó ìfẹ̀yìntì tí a ká lápá ká lẹ́sẹ̀. Nítorí pé orí ọ̀rọ̀ owó ni a wà, ìbéèrè OWO ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni a mọ̀ pé *ọ̀wọ́* ni ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn: ó ń to àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Ó lè jẹ́ owó, ọwọ́, òwò, ọ̀wọ̀ tàbí ọwọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ̀yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní èdè Ìgbò mọ̀ pé *akwa* tí kò ní àmì lè jẹ́ ẹkún, aṣọ, ẹyin tàbí ibùsùn. Ẹ̀yin olùkọ́ Hausa sì mọ̀ pé bí a bá gé ìwọ̀ orí ƙ kúrò, *ƙasa* tí í ṣe ilẹ̀ yóò di *kasa* tí í ṣe ìkùnà. Orúkọ jẹ́ àmì ìtọ́nà. Kò tíì di ẹ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni láti tẹ àlàyé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan jáde. Nínú WRKQRY, nọ́ńbà 6 ni a fi ń ṣe èyí. Ìwé tí ó bá jáde yóò fi gbogbo ìtọ́ni hàn, títí kan ibi tí èsì ń gbà jáde. Ìwé OWO fi hàn pé orí ìwé títẹ̀ ni èsì tirẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n OWO2 àti ORUKO, àwọn méjèèjì ni ó dárúkọ OWOFEYINTI. OWO2 ní kí fáìlì tuntun rọ́pò ti àtijọ́. ORUKO ní kí a rọ́pò ohun tí ó wà nínú mẹ́ńbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni láti fi ọjọ́ wé ọjọ́. Lórí DSPOBJD, ìbéèrè náà ní ọjọ́ tí a lò ó gbẹ̀yìn. Ti OWO2 bọ́ sí oṣù kìíní, ó sì bá ọjọ́ ìṣẹ̀dá fáìlì mu. Ti ORUKO bọ́ sí oṣù kẹta, ó sì bá ọjọ́ àyípadà ìkẹyìn mu. Ọ̀rọ̀ wá yé wa. Bí a bá ń béèrè ẹni tí ó ra ìgbá, ẹ̀rí tọ́ka sí OWO2. Bí a bá ń béèrè ẹni tí ó bu gàrí tí màmá wá wò, ẹ̀rí tọ́ka sí ORUKO. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń béèrè “Ta ni ó ṣẹ̀dá fáìlì?” nígbà tí ó yẹ kí a béèrè pé “Kí ni ó kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀?”

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni láti ṣọ́ra fún àwọn ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó bá lo RUNQRY lè yí ibi tí èsì ń lọ padà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó dárúkọ fáìlì tí kò sí nínú ìwé ìbéèrè. Ó tilẹ̀ lè lo RUNQRY láìdárúkọ ìbéèrè àfipamọ́ kankan. Àṣẹ náà lè wà nínú ètò tí ẹlòmíràn kọ. FNDSTRPDM ni a fi ń wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé ètò. Fáìlì sì lè wáyé láìsí Query/400 rárá, nípasẹ̀ CPYF tàbí SQL. Bí alábòójútó ẹ̀rọ bá ti ní kí ìwé ìṣọ́ QAUDJRN máa kọ ìṣẹ̀dá nǹkan sílẹ̀, àkọsílẹ̀ tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ CO yóò sọ iṣẹ́ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ pẹ̀lú lè là wá lójú, bí wọn kò bá tíì pa á rẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà, tí ó kẹ́yìn, ni àdánwò. A kò fọwọ́ kan OWOFEYINTI. A mú ORUKO ṣiṣẹ́, a sì darí èsì rẹ̀ sí fáìlì mìíràn. Orúkọ tí ó sọnù nínú ti àkọ́kọ́ náà ni ó sọnù nínú èyí. A wá ka ìtọ́ni rẹ̀ ní àkàtúnkà. Fáìlì méjì ni ORUKO ń so pọ̀: OMOEGBE tí orúkọ wà nínú rẹ̀, àti BANKI tí nọ́ńbà àkáǹtì wà nínú rẹ̀. Oríṣi ìsopọ̀ mẹ́ta ni Query/400 ní. Èkíní ń mú kìkì àwọn ìlà tí ó ní ẹnìkejì nínú fáìlì yòókù. Èkejì ń mú gbogbo ìlà fáìlì àkọ́kọ́, ì báà ní ẹnìkejì, ì báà má ní. Ẹ̀kẹta ń mú kìkì àwọn tí kò ní ẹnìkejì. Èkíní ni ẹni tí ó kọ ORUKO yàn. Àwọn àgbàlagbà tí a kò tíì kọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sínú BANKI kò ní ẹnìkejì. Ẹ̀rọ fò wọ́n láìpariwo, láìṣe àkíyèsí kankan. Nígbà tí a yí ìsopọ̀ náà sí oríṣi kejì, orúkọ màmá jáde.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé náà kò yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó mú ìbéèrè tí ó bá nílẹ̀ ṣiṣẹ́ ni. Ìgbìmọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà.

6. Gírámà ẹ̀rí

Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn mẹ́rin wò, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n:

(3) OWO2 lè ṣẹ̀dá fáìlì yìí.
(4) Ó lè jẹ́ OWO2 ni ó ṣẹ̀dá fáìlì yìí.
(5) OWO2 ṣẹ̀dá fáìlì yìí.
(6) OWO2 ni ó ṣẹ̀dá fáìlì yìí.

Nínú (3), *lè* wà láàrin olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Agbára ni a ń sọ. Ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ìgbésẹ̀ kẹta tó láti fi ẹsẹ̀ gbólóhùn yìí múlẹ̀: ìtọ́ni OWO2 dárúkọ fáìlì náà, nítorí náà ó lágbára láti ṣẹ̀dá rẹ̀. Kò sọ pé ó ti ṣe é rí. Nínú (4), *lè* ti jáde kúrò nínú àwẹ́-gbólóhùn tí a fi *ni* pe àkíyèsí alátẹnumọ́ sí. Ìṣeéṣe ni a ń sọ nípa ohun tí ó ti kọjá. Nínú (5), a sọ pé ó ṣẹlẹ̀. Nínú (6), a sọ pé ó ṣẹlẹ̀, a sì yọ gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lo (6) ti jẹ ẹ̀jẹ́ pé òun ti yẹ ORUKO, CPYF, SQL àti RUNQRY aláìlórúkọ wò, àti pé kò sí èyí tí ó jẹ́ òun nínú wọn.

Láti (3) bọ́ sí (6) jẹ́ ìrìn-àjò, kì í ṣe ìfò. “Òun ni ó yọ orúkọ wọn kúrò” tí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ wí jẹ́ gbólóhùn irú (6), bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó gbé (4) dúró. Èdè wa ti pèsè àtẹ̀gùn tí a lè máa gùn bí ẹ̀rí bá ṣe ń pọ̀ sí i: *ó ṣeé ṣe kí*, *ó jọ pé*, *ẹ̀rí fi hàn pé*, *ó dá mi lójú pé*. Olùkọ́ tí ó bá jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa fo àtẹ̀gùn yìí ń kọ́ ọ ní ẹ̀sùn, kò kọ́ ọ ní àlàyé.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tí ń sọ èdè náà lójoojúmọ́. Òótọ́ ni pé nínú ìtàkurọ̀sọ, ohùn àti ìrísí ojú máa ń bá wa ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Nínú ìwé, kò sí ohùn, kò sí ojú. Gbólóhùn nìkan ni ó kù.

7. Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

A lè lo ẹ̀kọ́ yìí fún ọlọ́dún kejì ilé-ẹ̀kọ́ gíga sẹ́kọ́ńdírì tàbí fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, fún ìgbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 40. A kò nílò kọ̀ǹpútà. A kò nílò iná mànàmáná.

*Èròǹgbà:* Ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè (i) lo *fi* láti ya olùṣe àti ohun-èlò sọ́tọ̀. (Ii) ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàrin gbólóhùn (3) sí (6). (Iii) kọ ìjábọ̀ ojú-ewé kan tí ó fi ìwọ̀n ìdánilójú hàn.

*Ohun-èlò:* Páálí mẹ́ta tí a kọ ìtọ́ni sí, àwo kan, àkọsílẹ̀ orúkọ kíláàsì, àkọsílẹ̀ kejì tí orúkọ àwọn kan kò sí nínú rẹ̀.

*Ìgbésẹ̀ 1:* Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò jáde síta. Nígbà tí ó wà níta, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn yóò tẹ̀lé páálí kìíní, yóò kọ orúkọ sí bébà, yóò sì kó o sínú àwo. Ẹlòmíràn yóò da ohun inú àwo nù, yóò tẹ̀lé páálí kejì, yóò sì kó orúkọ mìíràn síbẹ̀. Páálí kejì ni kí olùkọ́ kọ ọ́ sí pé: “Mú kìkì orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ méjèèjì.” Páálí kẹta kò ní wúlò, ẹ jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ láti da ojú rú.

*Ìgbésẹ̀ 2:* Ẹni tí ó jáde yóò wọlé. A ó sọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ọwọ́ kan àwo fún un, a kò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò wo àwo, yóò ka páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì sọ èyí tí ó rò pé ó mú èsì wá. Gbogbo kíláàsì yóò máa ṣọ́ gbólóhùn rẹ̀: ṣé irú (3) ni, àbí (4), àbí (6)? Bí ó bá fò, kí wọ́n béèrè ẹ̀rí.

*Ìgbésẹ̀ 3:* Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dán páálí tí wọ́n fura sí wò nínú àwo mìíràn, wọn yóò sì fi èsì wé èsì. Olùkọ́ yóò wá béèrè pé: “Ta ni orúkọ rẹ̀ kò jáde? Kí ni ó fà á?”

*Ìgbéléwọ̀n:* Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìjábọ̀ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ sọnù, bí ẹni pé àgbàlagbà ni onítọ̀hún, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ àti òtítọ́ tí ó pé. Kí olùkọ́ má fún ìjábọ̀ tí ó bá dá ènìyàn lẹ́bi láìsí ẹ̀rí ní máàkì, bí èdè rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

8. Ìgúnlẹ̀

Ìwòsàn ìgbàgbé fáìlì kò le. Nígbà tí ìbéèrè bá ń ṣe fáìlì tuntun, Query/400 fi àyè kan sílẹ̀ fún àpèjúwe, èyí tí ó gba lẹ́tà 50. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Orúkọ ìbéèrè àti ọjọ́ tó láti kún un. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè, òwe àti àlọ́ láti ẹnu àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú: ta ni ó sọ ọ́, ní ìlú wo, ní ọdún wo, ta ni ó sì ṣa èyí tí ó wọ inú ìwé àti èyí tí kò wọ̀ ọ́? Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò máa wá *fi* tí ó sọnù lọ́la.

Màmá gba owó rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un ní Yorùbá, láti orí ìgbá dé orí gàrí, ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí rẹ̀. Ó wá ní, “Ó yé mi. Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún ọmọkùnrin yẹn pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀?”